Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí: A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹ̀gbin náà dé ààtàn, èló ni yóò sì gbà? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí àwọn ìlú ńlá ń gbà dáhùn ìbéèrè yìí. Èkínní ni kóńkó jabele: onílé kọ̀ọ̀kan á wá ẹni tí yóò máa kó ìdọ̀tí rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ dúnàádúrà. Èkejì ni kí ìjọba pín àdúgbò fún àwọn akódọ̀tí, kí ó dá iye owó, kí gbogbo ilé sì máa san án.

Ìlú Saint Paul ní ìpínlẹ̀ Minnesota, l'Amẹ́ríkà, ti tọ́ méjèèjì wò. Títí di ọdún 2018, ẹni tó bá wu onílé ló ń pè. Ọkọ̀ akódọ̀tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ a máa gba òpópónà kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń pariwo, wọ́n sì ń ba títì jẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 2018, ìjọba ìlú náà pín àdúgbò fún àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Àwọn kan fárígá. Àwọn tí ìdọ̀tí wọn kò tó nǹkan, àtàwọn tó ń bá aládùúgbò pín garawa ìdalẹ̀nù lò, ní owó tuntun náà rẹ́ àwọn jẹ. Wọ́n kó ìbuwọ́lùwé jọ, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Minnesota sì pàṣẹ pé kí aráàlú dìbò. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kọkànlá, ọdún 2019, ó lé ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò tó ní kí ètò tuntun náà dúró.

L'Ékòó ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti pín àdúgbò fún àwọn PSP lábẹ́ àjọ LAWMA. Ní ọdún 2017, ìjọba Gómìnà Akinwunmi Ambode ṣe òfin tuntun, ó sì gba ìdọ̀tí ilé kúrò lọ́wọ́ PSP, ó gbé e fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn PSP gba ilé-ẹjọ́ lọ. Kí ọdún 2018 tó parí, òkìtì ìdọ̀tí ti gba ẹ̀gbẹ́ títì káàkiri. Nígbà tó yá, PSP padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú gbogbo lílọ bíbọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní kí onílé tàbí ayálégbé dìbò lórí ohun tí wọ́n fẹ́.

Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń pe olómọlanke. Ìgbà tí wọ́n bá pè é ló ń dé, owó tó bá sì wà lọ́wọ́ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n inú gọ́tà àti kánáàlì ni púpọ̀ nínú wọn ń dà á sí. Bí òjò bá dé, omi a yalé. Ẹni tó san owó pọ́ọ́kú ní òkè ni ó ń rán ẹ̀gbin sí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀. Kóńkó jabele kò lè gba ìlú tó kún bí Èkó là.

Nítorí náà, kí ètò pínpín àdúgbò dúró, ṣùgbọ́n kí ó ní ẹ̀rí ọkàn. Kí iye owó àti ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ hàn sí gbogbo ojúlé. Akódọ̀tí tí kò bá wá, kó má gbowó. Kí ẹni tó ń gbé yàrá kan má san iye kan náà pẹ̀lú onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí ìjọba sì forúkọ àwọn olómọlanke sílẹ̀, kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí àwọn kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ kò lè wọ̀ dé ibi tí ọkọ̀ yóò ti gbé e.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ìjọba kankan bá tún fẹ́ yí ètò yìí padà, kí ó kọ́kọ́ pe aráàlú jókòó. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.