Sítíárìn Tí Kò Padà Sí Àárín: Ẹ Má Tíì Ra Ráàkì

Bí ọkọ̀ asáré bíi Mazda MX-5 bá yà ní kọ́nà tán, tí sítíárìn rẹ̀ ò padà fúnra rẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ráàkì ti kú. Àwa ò fara mọ́ ọn. Owó ráàkì kì í ṣe owó tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dán nǹkan wò.

Kì í ṣe ráàkì ló ń dá sítíárìn padà. Caster ni: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì òkè wà sẹ́yìn ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, bí fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ṣe tẹ̀, nítorí náà bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ilẹ̀ ló ń fa táyà tọ́.

Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ gbé e lé sítáǹdì (jáàkì nìkan ò tó o!), kí ẹ wá yí sítíárìn. Tó bá le, nǹkan kan ń há. Ẹ tú tie rod, kí ẹ fọwọ́ yí táyà. Tó bá ṣì le, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ló gbẹ tàbí tó dípẹtà. Tó bá fúyẹ́, ẹ wo jọ́ìntì ọ̀pá sítíárìn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dárúkọ ráàkì. Òun náà sì lè máà bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló fún un jù.

Tí kò bá le rárá, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ lọ ṣe alignment. MX-5 àkọ́kọ́, ti 1989, ní bóòtù tí wọ́n fi ń tún caster ṣe. Ẹni tó bá tún toe nìkan ṣe ò tíì ṣiṣẹ́ yín. Ẹ ní kó fi nọ́ńbà caster hàn yín, tọ̀tún tòsì, kí ẹ tó sanwó.