Epo Díísù fún Tirakítọ̀: Ìwọ̀n Ìtúlẹ̀ Kan Ni Kí Ẹ Rà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ jùmọ̀ ní tirakítọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Òun ni ọ̀rọ̀ epo díísù tí a ń rà pamọ́ sí ilé. Bí ènìyàn bá rìn yí ká àwọn abúlé wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní ṣàì rí àgbá epo tí a gbé ti ògiri, tàbí èyí tí ó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí èyí tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò tí a fi àlòkù páànù bo orí rẹ̀. Ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ gbà pé òun ti ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe, nítorí pé òun ti ra epo sílẹ̀ kí ó tó wọ́n.

Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. A gbà pé ó dára kí epo wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo tí ó bá ju èyí tí ẹ óò lò ní àkókò ìtúlẹ̀ kan lọ, ẹrù ni ó jẹ́ fún ẹgbẹ́, kì í ṣe ọrọ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ tó ìwọ̀n pàápàá, kò yẹ kí ó sùn nínú ilé tí ènìyàn ń sùn.

A mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò ní owó epo kì í dúró lójú kan, àti pé ẹni tí ó bá rà á ní ìgbà tí ó pọ̀ ni yóò jèrè. Òótọ́ ni pé owó epo kì í dúró lójú kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè nìkan ni ó ń lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ilé ìfọpo Dangote tí ó wà ní Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe epo díísù. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹrin ọdún náà, iye tí ó ń tà á fún àwọn alágbàtà ti di náírà 1,200 lórí lítà kan, bẹ́ẹ̀ ni kí ó tó di àkókò yẹn, nǹkan bí náírà 1,600 ni epo náà ń lọ. Kí oṣù náà tó parí, ó tún ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí náírà 1,000. Ẹ wo ẹgbẹ́ tí ó bá ti fi gbogbo owó ọdún ra àgbá mẹ́wàá pamọ́ ní oṣù kejì! Àgbá kan gba nǹkan bí lítà 200. Ẹ fúnra yín ṣe ìṣirò náà, ẹ óò sì rí i pé owó tí ó bọ́ sọnù tó owó tí à bá fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko. Àgbẹ̀ ni wá. Kí a fi òwò ọjà epo sílẹ̀ fún àwọn tí ó jẹ́ iṣẹ́ wọn.

Àwọn mìíràn tún ń gbọ́ láti ẹnu àwọn ẹbí wọn tí ó wà ní òkè òkun pé àwọn àgbẹ̀ ọ̀hún a máa gbé táńkì ńlá sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọn yóò sì kún un lẹ́ẹ̀kan fún oṣù púpọ̀. Òdodo ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń pa epo díísù tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ oko ní aró pupa, owó orí tí ìjọba sì ń gbà lórí rẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀ ojú títì. Ní Amẹ́ríkà náà, aró pupa ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Àwa kò ní epo aláró bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Epo tí lọ́rì ń mu ni tirakítọ̀ wa ń mu, iye kan náà ni a sì ń rà á. Ju èyí lọ, ojú ọjọ́ wọn tutù. Epo díísù tí ó lè wà dáadáa fún oṣù 12 níbi tí ó tutù, kí a má ṣe retí pé yóò ju oṣù 6 lọ nínú ooru tiwa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ohun tí ó bá ojú ọjọ́ wọn mu kò fi dandan bá tiwa mu.

Báwo ni ẹ óò ṣe wá mọ ìwọ̀n tí ó tọ́? Kò ṣòro. Láti tú ilẹ̀ hẹ́kítà kan, tirakítọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa lè mu epo lítà 15 sí 25, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ náà ti le tó àti bí ohun ìtúlẹ̀ ti wọlẹ̀ tó. Iṣẹ́ fífọ́ ògúlùtu lẹ́yìn èyí kò gba tó ìdajì rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ tú hẹ́kítà 20, lítà 400 yóò tó fún ìtúlẹ̀, lítà 200 yóò sì tó fún ìyókù. Àgbá mẹ́ta péré ni èyí. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún ìrìn láti oko dé oko. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa kọ iye tí ẹ lò ní ọdún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí pé ìwé tiyín ni yóò sọ òtítọ́ nípa ilẹ̀ tiyín ju ìwé tiwa yìí lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa omi, nítorí pé òun ni olórí ọ̀tá. Àgbẹ̀ a máa bẹ̀rù olè ju omi lọ, ṣùgbọ́n olè kì í ba ẹ̀rọ jẹ́. Bí àgbá kò bá kún, afẹ́fẹ́ ni ó gba ìyókù àyè inú rẹ̀. Ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ yìí a gbóná. Ní òru, nígbà tí ara irin bá tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a di ìrì, a sì máa ṣàn sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara ife ti ń làágùn bí a bá bu omi tútù sí i. Epo díísù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ni omi ń lọ jókòó sí, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ní ààrin omi àti epo yìí ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Wọn a máa pọ̀ sí i, wọn a sì máa sọ ìdí àgbá di ohun tí ó ń yọ̀ bí ewédú. Ohun yíyọ̀ yìí ni ó ń dí asẹ́ epo tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà.

Bí omi bá wá ré asẹ́ kọjá, ọ̀ràn náà di ńlá. Àwọn irin inú pọ́ńpù tí ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí kan kò lè gba ààrin wọn. Epo náà fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí wọ́n yọ̀ lára wọn. Omi kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Ìpatà ni ó ń mú wá. Pọ́ńpù tí ó bá ti bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń tún ṣe ní abúlé. A ní láti tú u, kí a gbé e lọ sí ìlú ńlá, kí a sì dúró de ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà wo ni èyí sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀? Ìgbà tí òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti rọ̀ ni, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń dúró de tirakítọ̀ kan ṣoṣo. Àgbàdo tí kò bọ́ sí ilẹ̀ ní àsìkò kì í dúró de mẹkáníìkì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé àgbá dúró sí ìta gbangba. Òjò a máa rọ sí orí rẹ̀, a sì máa dúró síbẹ̀ bí inú àwo. Bí àgbá bá gbóná tí ó sì tún tutù, a fa omi náà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ìdérí, bí ó ti wù kí a dé e le tó. Bí kò bá sí òrùlé rárá, ẹ dá àgbá tí ó kún dùbúlẹ̀ sórí igi méjì, kí ihò rẹ̀ méjèèjì wà ní ọ̀tún àti òsì, kì í ṣe ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ni ó dára jù. Níbẹ̀, ẹ lè gbé èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ dúró, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tì í lábẹ́ ní apá kan kí ó lè gẹ̀ díẹ̀, kí omi lè kó jọ sí apá kejì. Ẹ fi pọ́ńpù ọlọ́wọ́ fa epo láti apá tí ó ga, kí ẹnu páìpù má sì kan ìdí àgbá, kí ó fi bí ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí i. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí àgbá láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ohun tí ó rú lè sílẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ epo a máa gba erùpẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n omi yóò gbà á kọjá, òwú rẹ̀ pàápàá yóò sì bá epo lọ. Ẹ má sì ṣe tọ́jú díísù sínú ohun èlò tí a fi síǹkì bò nínú. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ni kí awakọ̀ kún táńkì tirakítọ̀, kí àyè má baà sí fún ìrì ní òru.

Nígbà tí ẹ bá lọ ra epo, ẹ mú ìgò funfun tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ dání. Ẹ bu epo sí i, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Epo tí ó dára a máa dán, ojú a sì máa ríran gba inú rẹ̀. Bí ó bá ṣú bí kùrukùru, omi wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dúdú tí ó sì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á, ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Epo tí a sè nínú igbó, tí a ń gbé kiri nínú kẹ́ẹ̀gì, kò ní ilé tí ẹ lè padà sí bí ó bá ba ẹ̀rọ yín jẹ́. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó ní ilé epo, kí ẹ sì pa ìgò kan mọ́ láti inú epo tí ẹ rà títí ẹ óò fi lò ó tán.

Ọ̀rọ̀ ilé ni ó kàn, a kò sì ní fi ẹnu yẹ̀yẹ́ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń fi ẹnu fa epo láti inú àgbá. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá gba ọ̀nà òfun bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè di àìsàn tí ń pa ènìyàn. Èyí tí ó burú ju èyí lọ ni ti epo tí a bu sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí a gbé sí igun yàrá. Ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá sì mu díísù tàbí kẹrosíìnì, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ìyá wa ń ṣe ni pé kí wọ́n fún un ní epo pupa mu kí ó lè bì. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ti ń bì í ni epo náà ń rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní ohunkóhun tí yóò mú un bì. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo dà sí kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà lọ́wọ́ kí dókítà lè rí i.

Ní ti iná, díísù kì í tètè gbiná bí epo bẹntiróòlù, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí díẹ̀ nínú bẹntiróòlù bá dà mọ́ ọn, ìwà rẹ̀ yí padà. Nítorí náà, ẹ kun àgbá díísù ní ọ̀dà kan, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára gàdàgbà, kí ẹ má sì jẹ́ kí a bu èyíkéyìí lò fún àtùpà tàbí sítóòfù, àní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí àgbá. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wẹ́dà gé àgbá tí ó ti ṣófo: èéfín epo tí ó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàù. Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ gbé sí ìtòsí, kì í ṣe omi, nítorí pé orí omi ni epo tí ń jó yóò máa léfòó lọ.

Ẹgbẹ́ mìíràn yóò ní àwọn kò ní owó láti kọ́ ilé epo. Kì í ṣe ilé alárà ni a ń wí. Òpó mẹ́rin, páànù díẹ̀, ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ tí a sì mọ ìgànná kúkúrú yí ká kí epo tí ó bá dà má baà ṣàn lọ sí kànga, àti wáyà tí ó lágbára. Kí ó jìnnà sí ilé ìdáná àti sí ibi tí a ń kó koríko jọ. Bí epo yín bá fẹ́ ju àgbá díẹ̀ wọ̀nyí lọ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn panápaná ìpínlẹ̀ yín ohun tí òfin béèrè.

Àwa mọ̀ pé owó kọ́ ni ó sábà máa ń dí èyí lọ́wọ́. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ ni pé epo tí ó wà ní ilé akápò tàbí ti alága rọrùn láti bù, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ bi àgbà léèrè pé lítà mélòó ni ó kù. Ẹ fi àgádágodo méjì sí ẹnu ọ̀nà náà, kí akọ̀wé mú kọ́kọ́rọ́ kan, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe olóyè mú èkejì. Kí wọ́n máa ti igi gbígbẹ tí a fi ọ̀bẹ ṣàmì sí bọ inú àgbá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ lè kà.