Ògbufọ̀ adití ní Sábó: ta ló yẹ kó sanwó iṣẹ́ yìí?

Nígbà tí Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá sí Èkó lọ́dún 2016, CcHub ní Yábàá ló kọ́kọ́ yà sí. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti dárúkọ Sábó, kọ̀ǹpútà àti owó ńlá ló máa ń sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí olówó ńlá kì í sábà bojú wò: iṣẹ́ ògbufọ̀ fún àwọn adití.

Oníbàárà ò wọ́n lágbègbè yìí o. Iléèwé Wesley fún àwọn adití wà ní Sùúrùlérè, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, YabaTech àti UNILAG ò jìnnà. Adití tó fẹ́ rí dókítà, tó fẹ́ ṣí àkáǹtì ní báńkì, tó ní ẹjọ́ ní kóòtù, gbogbo wọn ló nílò ẹni tó máa bá wọn túmọ̀. Síbẹ̀, tísà tàbí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó gbọ́ èdè náà ló sábà máa ń ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tí aráyé bá ti mọ̀ sí iṣẹ́ àánú, kì í rọrùn láti dárúkọ owó síbẹ̀.

Òfin wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí dídẹ́yẹ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá. Òfin náà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó bá ń tọ́jú irú wọn gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀nà tí wọ́n á fi gbọ́ra wọn yé. Ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ti ní òfin tiẹ̀ láti 2011, òun ló bí ọ́fíìsì LASODA. Ìyẹn ni pé ọrùn ilé ìwòsàn ni owó ògbufọ̀ yẹ kó wà, kì í ṣe ọrùn aláìsàn.

Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ adití nìkan, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní kúrò ní iṣẹ́ Sátidé. Tó bá sì fowó lé e dáadáa, àwọn tó tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ sá. Ìyá tó jẹ́ adití á wá mú ọmọ ọdún mẹ́wàá dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ọmọ máa túmọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀. Ìyẹn léwu, torí ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ká sòótọ́, ilé iṣẹ́ ńlá náà ní wàhálà tiwọn. Wọ́n á béèrè ìwé CAC, wọ́n á béèrè ìwé owó orí, wọn kì í sì í tètè sanwó. Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí tísà fi owó oṣù sílẹ̀ nítorí àdéhùn ẹyọ kan. Àárọ̀ sì ni kílíníìkì máa ń ṣí, ìgbà tí tísà wà ní kíláàsì. Àfi kí èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin forúkọ sílẹ̀ pọ̀, kí adití fúnra rẹ̀ wà lára wọn, kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lọ sí LUTH, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi fídíò orí fóònù gba èyí tó kúrú láàárín ìsinmi.