Ilé Ni À Á Wò: Lórí Orúkọ Wúrà Erékùṣù Òkè-Ayọnáyèéfín

Àwọn Yorùbá ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí gan-an. Irú wúrà kan wà tí a máa ń rí ní erékùṣù tí òkè-ayọnáyèéfín bí. Ó rọrùn láti pè é ní 'wúrà iná-ilẹ̀', nítorí iná ni ojú kọ́kọ́ ń rí lára irú òkè bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ni lọ́nà.

Nínú irú àpólà-orúkọ yìí, ọ̀rọ̀ kejì sábà máa ń tọ́ka sí orísun ohun tí ọ̀rọ̀ kìíní dárúkọ. Epo ẹ̀pà ti ara ẹ̀pà wá; omi òjò ti inú òjò wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ 'wúrà iná-ilẹ̀' yóò gbà pé òkè náà ni ó pọ wúrà jáde pẹ̀lú iná. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Erékùṣù Lihir ní Papua New Guinea jẹ́ ẹ̀rí. Inú kòtò òkè-ayọnáyèéfín àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Luise ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa wúrà níbẹ̀ ní 1997. Àpáta yíyọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó tú omi gbígbóná oníyọ̀ sílẹ̀. Nínú omi yìí, wúrà so mọ́ imí-ọjọ́, ó sì ń bá a rìn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹrù òkè tẹ omi náà mọ́lẹ̀, kò lè hó. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà ya lulẹ̀ sínú òkun, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a ṣí ọmọrí ìkòkò: omi hó lójijì, imí-ọjọ́ bá oru lọ, wúrà sì dúró sínú pàlàpálá àpáta. Èyí yàtọ̀ sí iyọ̀ tí ń kù sí ìdí ìkòkò nígbà tí omi bá gbẹ. Omi kò gbẹ. Alábàárìn wúrà ni ó fi í sílẹ̀.

Ní 2006, Stuart Simmons àti Kevin Brown fi hàn nínú ìwé àtìgbàdégbà *Science* pé omi tí ó wà ní ibi tí ó jìn ju kìlómítà 1 lọ ṣì ń gbé wúrà: nǹkan bí mílígíráàmù 15 nínú tọ́ọ̀nù omi kan, àti kìlógíráàmù 24 lọ́dún. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọdún 55,000 ti tó láti kó gbogbo wúrà ibẹ̀ jọ.

Àwọn kan lè sọ pé láìsí iná, omi kì bá tí gbóná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná tí ó se ọbẹ̀ kì í sọ ọ́ di ọbẹ̀ iná. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni à ń pè é. Ẹlòmíràn lè sọ pé 'wúrà omi-gbígbóná' gbòòrò jù, nítorí omi gbígbóná ni ó gbé wúrà sínú àpáta Ìpérindó lẹ́bàá Iléṣà pẹ̀lú, ibẹ̀ kì í sì í ṣe erékùṣù. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, 'wúrà omi-gbígbóná erékùṣù òkè-ayọnáyèéfín' ni ó yẹ: orísun ṣáájú, ibùgbé tẹ̀ lé e. Ó gùn, ṣùgbọ́n olùkọ́ lè gé e kúrú lẹ́yìn tí ó bá ti pè é tán lẹ́ẹ̀kan.

Orúkọ tí ó tọ́ka sí omi yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wá ipa omi lára àpáta. Èyí tí ó tọ́ka sí iná yóò mú un máa tú eérú.