Obìnrin Tí Kò Dá Ọmọ Padà Nígbà Ìyàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ní àkókò àjọ̀dún bí irú èyí, a sábà máa ń ka iye ọdún tí a ti lò àti iye ilé tí a ti kọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí a rántí obìnrin kan tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó ọmọ jọ láti kọ́ ní Ìbàdàn, nítorí ìgbésí ayé rẹ̀ bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò.

Anna Hinderer ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i ní ọdún 1827. Ní ọdún 1853 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún C.M.S., wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Kí ó tó di olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́: ó jókòó ti èdè Yorùbá títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò bímọ, ṣùgbọ́n “Ìyá” ni àwọn ọmọ tí ó gbà sílé ń pè é. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ ni Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ Olóyè Olúńlọ́yọ̀. Ẹ kíyè sí i pé bàbá yìí kò fi ọmọ rẹ̀ obìnrin sẹ́yìn.

Ní ọdún 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun dí. Owó àti ẹrù kò rí ibi gbà wọlé mọ́. Fún bí ọdún márùn-ún ni ìnira yìí fi wà. Ilé kún fún ọmọ, àpò sì gbẹ. Ta ni ìbá bá a wí bí ó bá ní kí olúkúlùkù wọn padà sí ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ta ẹrù ilé wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ. Ìgbàgbọ́ obìnrin yìí kò parí sínú ṣọ́ọ̀ṣì. A rí i nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ní ọdún 1869 ni wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ nítorí àìlera. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní ẹni ọdún 43. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò kú: Daniel Olúbí, tí ó ti ń gbé pẹ̀lú wọn, ni ó di ìjọ náà mú. Ní ọdún 1899 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì. Ní ọdún 1950, a da á pọ̀ mọ́ ti C.M.S. tí ó wà ní Èkó, wọ́n sì di St. Anne's ní Ìbàdàn.

Ọ̀nà kò dí lónìí, ṣùgbọ́n ọjà gbóná. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ikú sì ń pa alágbàtọ́. Àwọn kan yóò sọ pé owó oṣù olùkọ́ kò ṣe é fi àdúrà san. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní kí ilé ẹ̀kọ́ nìkan ru ẹrù yìí. Àbá wa ni pé, kí a tó fi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn tuntun lélẹ̀, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ya apá kan owó àjọ̀dún sọ́tọ̀ fún ọmọ tí ìṣòro bá dé bá ilé rẹ̀, títí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Kí a má ṣe pe orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀yin òbí náà, bí ọwọ́ bá há, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ọmọbìnrin ni ẹ óò kọ́kọ́ mú kúrò.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí a bá kọ́ gbọ̀ngàn tí ó dára jù lọ, tí ọmọ kan sì ń padà sílé láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí owó, kí ni a ń ṣàjọ̀dún rẹ̀?