Akọ̀wé Káńsù Kì í Ṣe Ọmọ Ogun
Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2025, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí ọ̀ràn ta ni yóò jókòó sórí àga alága. Ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò. Ẹgbẹ́ NULGE ní kí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sílé. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni akọ̀wé tí ń kọ owó ọjà sínú ìwé ṣẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì tí ń fún ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, èyí tí a ṣe ní 2019. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe ìlànà tí yóò dènà ìwà ipá níbi iṣẹ́, kí ó sì fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. A bèèrè: káńsù mélòó ni ó ti lẹ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ilé ẹjọ́ ni ibi ìjà yín, kì í ṣe ọ́fíìsì akápò. Ẹ̀yin olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ pé inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù yín ti ń jáde, ọ̀ràn yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan ní ọlọ́pàá lẹ́nu géètì tó. Àwa kò gbà. Kí káńsù kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí òṣìṣẹ́ lè fi ẹjọ́ sùn láìbẹ̀rù, kí onítọ̀hún má sì jẹ́ ọ̀gá tí ó gbá a létí.