Ẹ̀kọ́ Ojú Ọjọ́ Wà Lọ́fẹ̀ẹ́, Kí Ló Dé Tí A Ò Kọ́ Ọ?

 

Ọ̀rọ̀ òjò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, kì í ṣe ti ibà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, òjò kan rọ̀ ní oṣù kẹta, ilẹ̀ mu omi yó. Kíá ni mo gbin àgbàdo sí ìdajì oko mi, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òjò ò padà wá. Àgbàdo hù, ó sì gbẹ. Mo tún irúgbìn rà, mo tún sanwó fún àwọn tó bá mi gbìn ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ti jẹ nínú ìyà yìí rí.

Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe gbogbo òjò àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sivakumar, tó ṣiṣẹ́ ní Niamey, kọ ọ́ ní 1988 pé kí a tó sọ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi tó tó mìlímítà 20 gbọ́dọ̀ ti rọ̀ láàárín ọjọ́ 3, kí ọ̀dá tó ju ọjọ́ 7 lọ má sì wáyé láàárín 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn tí òjò wọn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ṣe é fún. Tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì ni: oṣù kẹta sí ìkeje, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Nítorí náà a ò lè gbé e lò bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: wọn òjò, má kàn fojú wò ó. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ àti rúlà ọmọ ilé ìwé ti tó. Bí rúlà bá fi mìlímítà kan hàn, lítà omi kan ló bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan.

Ó ku 30 ọjọ́ tó ń bọ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ní Bẹ̀nẹ̀ yìí, ibùdó ńlá mẹ́fà ti àtijọ́ ni wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́: Cotonou, Bohicon, Savè, Parakou, Natitingou àti Kandi. Ẹ kà wọ́n dáadáa. Pobè ò sí níbẹ̀, Sakété ò sí, Kétou náà ò sí. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ láti Cotonou ń gbìyànjú, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n òjò Cotonou kì í ṣe òjò Igana. A nílò ẹni tó wà láàárín wa, tó lè ka ìròyìn ojú ọjọ́, tó sì lè túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá tó sá gàárì sóòrùn.

Tẹ́lẹ̀, Niamey ni wọ́n ń rán ènìyàn lọ láti kọ́ ọ. Ilé ìwé EAMAC ti wà níbẹ̀ láti 1963, AGRHYMET sì dé ní 1974 lẹ́yìn ọ̀dá ńlá ìgbà náà. Ìjọba ló sábà máa ń rán wọn. Nísinsìnyí, ilé iṣẹ́ COMET ní Colorado, Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, ti kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. MetEd ni wọ́n ń pè é: ìkùukùu, àwòrán sátẹ́láìtì, ìkún omi, gbogbo ẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà ní Faransé. Ti Yorùbá ò sí, ìyẹn sì dùn mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi pé ẹnì kan láàárín ìlú ní kí òun san 15.000 fráǹkì kí òun lè kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Mo ní má san án! Owó mégà nìkan ni tìrẹ. Ẹ sì má jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún yín tàn yín jẹ. Kò sọ yín di oníṣẹ́ ojú ọjọ́. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí oníṣẹ́ ń sọ ni. Bí wọ́n bá ní òjò lè rọ̀ lọ́la, 60 nínú 100, kì í ṣe pé òjò á fi wákàtí 60 rọ̀ o. Ó túmọ̀ sí pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó rí bẹ́ẹ̀, òjò á rọ̀ ní mẹ́fà. Ìyá tó mọ ìyẹn á mọ̀ bóyá kí òun sá gbogbo gàárì tàbí ìdajì.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run ló ni òjò. Bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ló ni ara wa, síbẹ̀ a ń gbé ọmọ tó ní ibà lọ sílé ìwòsàn. Mi ò sì ní kí ẹ da ìmọ̀ àwọn bàbá wa nù. Kí ẹ kọ òjò tí ẹ wọ̀n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí bàbá sọ, kí a wo èyí tó bá a mu.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Ẹ gbọ́ Faransé, ẹ ní tẹlifóònù, ẹ sì ní ọmọ ogójì tó lè máa wọn òjò láràárọ̀.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo kùnà ìdánwò ẹ̀kọ́ kejì, èyí tó dá lórí ìkùukùu, mo sì tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ ṣe é, kó wá bá mi nílé iṣẹ́ rédíò ní ọjọ́ kejì ọjà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó mú agolo àti rúlà dání.